Ẹja Betta mi kọ hóró, tanwíjí ló ń jẹ. Ṣé kí n máa fún un lọ bẹ́ẹ̀?

Ọmọlómi

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹlẹ́ja. Betta mi ti kọ oúnjẹ hóró, ọjọ́ kẹrin rèé. Tí mo bá ju hóró kan sí i, á sáré wá, á gbà á sẹ́nu, á sì tu ú dànù bí ẹni tó gbé oògùn kíkorò mì. Hóró kan náà tó ti ń jẹ láti oṣù mẹ́ta ni o.

Lánàá ni mo rí tanwíjí nínú garawa tó gba omi òjò lẹ́yìnkùlé. Mo fi ṣíbí bu mẹ́ta sí i. Kí n tó mú ọwọ́ kúrò lójú omi, ó ti gbé méjì mì. Ẹ̀kẹta ta pọ́nún pọ́nún lọ sẹ́yìn òkúta, ó lé e débẹ̀, ó gbà á. Ẹ̀rín pa mí.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé mo lè máa fún un lójoojúmọ́? Ṣé kò ní kó àrùn wọ inú gíláàsì? Mo sì ní guppy mẹ́jọ nínú táǹkì lítà 60, àwọn náà ń wò mí lójú.

Adágún

Má dán an wò mọ́ o. Omi garawa, o ò mọ ohun tó kú síbẹ̀. Ẹja mi méjì ló lọ lọ́dún tó kọjá nítorí irú ìgbádùn báyìí. Ra hóró mìíràn.

ÌyáBetta

Adágún, inú garawa lẹ ti bu tiyín, àbí inú odò?

Adágún

Inú kòtò omi tó wà nítòsí ilé. Kí ni ìyàtọ̀ wọn?

Bàbá Lámilámi

Ìyàtọ̀ wọn pọ̀ gan-an, Adágún, màá sì dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọmọ náà lóhùn.

Ọmọlómi, fọkàn balẹ̀. Ẹja rẹ kò ṣàìsàn, ó mọ ohun tó dùn ni. Níbi tí Betta ti wá, nínú omi tó rọra dúró sáàárín koríko, kòkòrò àti ọmọ kòkòrò ni oúnjẹ rẹ̀. Wo bí ẹnu rẹ̀ ṣe kọjú sókè. Ẹnu tó ń ṣọdẹ lójú omi nìyẹn, ojú omi ni tanwíjí sì ń gbé.

Kí ló dé tó ń gbé ojú omi? Atẹ́gùn òkè ló ń mí. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní ọ̀pá kékeré kan nídìí tó fi ń fa atẹ́gùn, ìdí nìyẹn tí wàá fi rí i tó so rọ̀, orí nísàlẹ̀, ìdí lókè. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa rẹ̀ nìyí: èyí tí ẹja kò jẹ kì í jẹrà. Hóró tó ṣẹ́kù á rà, á di amóníà, ìyẹn májèlé fún ẹja, omi á bàjẹ́. Tanwíjí tó ṣẹ́kù á máa wẹ̀ kiri títí ebi yóò fi tún pa ẹja. Ṣùgbọ́n bí ebi kò bá tètè pa ẹja, ẹ̀fọn ló máa dà, nínú yàrá rẹ.

Nítorí náà, mọ ọjọ́ orí ohun tí ò ń bu. Nígbà tí omi bá lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹyin máa ń pa láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Lẹ́yìn náà ìdin yóò bọ́ awọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Bíbọ́ ẹ̀ẹ̀kẹrin ló ń sọ ọ́ di olórí ńlá tó ká kọ́rọ́ bí àmì ìdánudúró díẹ̀. Ìyẹn kì í jẹun mọ́, nǹkan bí ọjọ́ méjì ló kù kó fò. Ẹja ń jẹ ẹ́ o, kò sí ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n má fún ẹja ju èyí tó máa jẹ tán lójú rẹ lọ. Láti ẹyin dé ẹ̀fọn, ó lè máà ju ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá lọ.

Ní ti iye, márùn-ún sí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà tó Betta kan. Fún guppy, fún wọn ní èyí tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì, kó sì jẹ́ àwọn tó ṣì kéré, nítorí ẹnu guppy kò fẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ti tó. Ní àwọn ọjọ́ yòókù, hóró. Bí ó bá kọ̀ ọ́, má fún un ní nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Ebi ọjọ́ kan tàbí méjì kì í pa Betta tó sanra.

Wàyí o, Adágún. Garawa omi òjò tí kò sí ẹja nínú rẹ̀ rí, àrùn ẹja kò fi bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà débẹ̀. Kòtò tí ẹja ń gbé, tàbí tí àgbàrá ojú ọ̀nà ń ṣàn sí, ibẹ̀ ni kòkòrò tó ń lẹ̀ mọ́ ẹja jẹ, epo mọ́tò àti oògùn apakòkòrò ti ń wá. Ìdin lè dára kí omi tó gbé e wá má dára. Omi ibi tí o ti bù ú kò gbọdọ̀ kan táǹkì rẹ rárá. Dà á sórí àwọ̀n, fi omi tó mọ́ ṣàn án dáadáa lẹ́ẹ̀mejì, kí o tó bù ú fún ẹja.

Adágún

Bàbá, ẹ ṣé. Tanwíjí tòun tomi ni mo dà sínú gíláàsì nígbà yẹn, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ tún dá mi lóhùn lórí ọ̀kan: ẹ̀fọn ló ń kó ibà ranni, a sì wá jókòó síbí, à ń kọ́ ara wa bí a ṣe ń sin ín?

ÌgbínGíláàsì

Ẹ bá mi bi wọ́n.

Bàbá Lámilámi

Ìbéèrè àgbà. Bí o kò bá lè ka ọjọ́, má sin ín. Bí èmi ti ń ṣe é nìyí.

Mo máa ń ṣí abọ́ omi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta péré kí ẹ̀fọn lè yé sí i. Lọ́jọ́ kẹta mo fi àwọ̀n tí ojú rẹ̀ há gádígádí bò ó, mo fi okùn dì í. Láti ọjọ́ kẹrin ni mo ti ń bù. Bí ọjọ́ keje bá pé, bó ṣẹ́kù bí kò ṣẹ́kù, mo da gbogbo rẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ níbi tí oòrùn ń pa, wọ́n á kú síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń fi kànrìnkàn fọ ẹ̀gbẹ́ abọ́ náà dáadáa. Fífọ̀ yìí ni àwọn èèyàn ń gbàgbé. Ẹ̀fọn aláwọ̀ dúdú tó ní ìlà funfun lẹ́sẹ̀, Aedes ni wọ́n ń pè é, òun ló ń gbé àrùn dengue kiri, ẹ̀gbẹ́ abọ́ lókè omi ló ń lẹ ẹyin mọ́. Ẹyin yẹn lè gbẹ fún oṣù mélòó kan kó má kú. Ọjọ́ tí omi bá tún kàn án, ó pa.

Ọ̀nà kan tún wà tó rọrùn ju gbogbo èyí lọ. Ẹ̀fọn ilé tí wọ́n ń pè ní Culex kì í yé ẹyin rẹ̀ káàkiri, ó máa ń tò wọ́n lóòró mọ́ ara wọn lójú omi, ọgọ́rùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìdì kan. Bí ègé èédú kékeré tó léfòó ló rí. Fi ewé tàbí ṣíbí gbé ìdì kan, kó o sínú ìgò omi mímọ́ tó ní ìdérí alájere, ìyẹn ti tó ẹja kan fún ọ̀sẹ̀ kan. O mọ ọjọ́ tó pa, o mọ ọjọ́ tó yẹ kó tán.

Àti pé, èyí tó bá na ara rẹ̀ gbalaja lábẹ́ ojú omi dípò kó so rọ̀, Anopheles ni, ẹ̀fọn ibà gan-an. Ẹja ń jẹ ẹ́ bíi ti ìyókù, ṣùgbọ́n bí mo bá rí i nínú abọ́ mi, mi ò kì í dúró de ọjọ́ keje. Mo ń dà á nù lójú ẹsẹ̀.

ÌyáBetta

Èmi kò lágbára àwọ̀n àti kíka ọjọ́. Ìdin pupa dídì ni mo ń lò, èyí tí wọ́n ń tà ní ègé kéékèèké. Mo gé díẹ̀, mo jẹ́ kó yọ́ nínú ife omi, mo sẹ́ ẹ, mo fi ìgbámú gbé e fún wọn. Betta mi ń jẹ ẹ́, gouramí mi ń jẹ ẹ́.

Ọmọlómi

Ìdin pupa yẹn, ìdin kí ni? Mo rò pé ekòló ni.

ÌyáBetta

Kì í ṣe ekòló, àbúrò. Ọmọ kòkòrò abìyẹ́ kékeré kan tó jọ ẹ̀fọn ṣùgbọ́n tí kì í buni jẹ ni. Inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi ló ń gbé, nínú ilé tóóró tó fi ẹrẹ̀ mọ fún ara rẹ̀. Atẹ́gùn kò pọ̀ nínú ẹrẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi ní hemoglobin, èròjà tó ń gbé atẹ́gùn nínú ẹ̀jẹ̀, bíi tàwa èèyàn, òun ló ń jẹ́ kó pupa. Ìdin pupa mìíràn tí wọ́n ń pè ní Tubifex ló bá ekòló tan. Wọ́n ń tà wọ́n pọ̀ ni, àwọn èèyàn sì ń pe méjèèjì ní orúkọ kan náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ lásán kàn án ṣáá. Láàárín ọdún méjì tí mo fi ń lò ó, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mí, imú ń ṣàn, ara lé sọ́rùn-ọwọ́. Mo rò pé ọṣẹ ni. Dókítà ló bi mí léèrè bóyá mo ń sin ẹja. Hemoglobin yẹn gan-an ni ara àwọn èèyàn kan ń kọ̀. Èyí tí wọ́n fi yìnyín gbẹ ló burú jù, nítorí eruku rẹ̀ ń fò nígbà tí o bá ṣí ìdérí. Ibọ̀wọ́ ni mo fi ń mú un báyìí, èyí gbígbẹ kò sì wọ ilé mi mọ́. Ẹni tí ikọ́ fée bá ń ṣe, kó yẹra fún un.

Ẹlẹ́jaÀdúgbò

Ìdin pupa lójoojúmọ́ ni mo ń fún gbogbo ẹja mi, wọ́n ń dán gbinrin. Ẹ̀yin ń ro ọ̀rọ̀ jù.

ÌgbínGíláàsì

Irú ẹja wo?

Ẹlẹ́jaÀdúgbò

Mbuna, mẹ́rìnlá.

ÌgbínGíláàsì

Ó tán! Mbuna láti adágún Malawi? Ọ̀gá, ẹja ajẹko ni o. Ewédò tó lẹ̀ mọ́ àpáta ló ń họ jẹ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìfun rẹ̀ gùn nítorí ewé. O wá ń fi ẹran bọ́ ọ lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí ikùn wọn bá wú, tí ìgbẹ́ wọn di funfun tóóró, wàá rántí mi.

Ẹlẹ́jaÀdúgbò

Ọdún kan àbọ̀ rèé, ikùn kankan kò wú. Kí ẹ sì mọ̀ pé ewé àpáta yẹn kì í ṣe ewé nìkan. Ìdin àti kòkòrò wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ́ pọ̀ ni.

ÌgbínGíláàsì

Ìyẹn jẹ́ òótọ́, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ìdin mélòó kan nínú ẹnu ewé kan kì í ṣe ègé ìdin odidi.

Bàbá Lámilámi

Ẹ̀yin méjèèjì mú òtítọ́ dání. Ẹlẹ́jaÀdúgbò, dín in kù sí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí o fún wọn ní oúnjẹ ewé láwọn ọjọ́ yòókù. Wọn ò ní dẹ́kun dídán. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi tí ìdin pupa ń gbé náà, ibẹ̀ ni májèlé irin ń rọ̀ sí tí omi bá jẹ́ omi ẹ̀gbin, ìdin yẹn sì ń kó o sára. Ìdí kan nìyẹn tí mi ò fi gbà kó jẹ́ oúnjẹ ojoojúmọ́ fún ẹja kankan, ajẹko tàbí ajẹran.

Ọ̀dọ́Ẹlẹ́ja

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi Oscar ni mo ń sìn, ó ti tó gígùn àtẹ́lẹwọ́ mi, tanwíjí kò kan eyín rẹ̀. Mo ń fún un ní ìdin ọ̀bọ̀ǹbọ̀n inú ìyẹ̀fun, èyí aláwọ̀ ìyeyè tí a ń sìn nínú èèpo ọkà. Wọ́n ní ó lè gé ikùn ẹja jáde. Ṣé òótọ́ ni?

ÌgbínGíláàsì

Ìtàn lásán ni. Oscar ń rún un mọ́lẹ̀, oje inú ikùn á sì parí ìyókù. Bó bá ń bà ọ́ lẹ́rù, tẹ orí rẹ̀ pa kí o tó jù ú sí i. Ohun tó yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù ni ọ̀rá àti èèpo. Bí o bá yọ omi ara rẹ̀ kúrò, nǹkan bí ìdajì ohun tó kù ni èròjà amúaradàgbà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta sì ni ọ̀rá. Èèpo rẹ̀ le, kì í tètè dà nínú. Mú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ, tó funfun tó rọ̀ bọ̀kọ̀, ìyẹn ló dára jù. Gé ègé kárọ́ọ̀tì sínú èèpo ọkà wọn kí wọ́n lè rí omi mu, má wọ́n omi sí i, á bu.

Ọ̀dọ́Ẹlẹ́ja

Ìdin eṣinṣin lásán ńkọ́? Èyí tó ń jáde lára ẹran tó rà. Ọ̀fẹ́ ni.

ÌyáBetta

Rárá o!

Bàbá Lámilámi

Ohun tí ìdin jẹ ló wà nínú ikùn rẹ̀, ohun tó wà nínú ikùn rẹ̀ ni ẹja rẹ máa jẹ. Ìdin inú òkú ẹran gbé ìdọ̀tí òkú ẹran dání.

Bí o bá fẹ́ ìdin eṣinṣin, wá èyí tí wọ́n ń pè ní eṣinṣin dúdú ọmọ-ogun, Hermetia illucens. Nígbà tó bá ti ní ìyẹ́ kò nílò oúnjẹ, kì í buni jẹ, ọ̀rá tó kó jọ nígbà tó wà ní ìdin ló ń gbé e ró. Bí ìdin rẹ̀ bá gbó tán, á dúdú, á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde kúrò nínú oúnjẹ wá ibi gbígbẹ. Bí o bá gbé pákó dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ rẹ̀, yóò gùn ún wá bá ọ nínú ike. Mi ò tíì rí ẹran ọ̀sìn mìíràn tó ń gbé ara rẹ̀ wá fún ẹni tó fẹ́ fi í ṣe oúnjẹ. Èso àti ewébẹ̀ ni kí o fi bọ́ ọ. Àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù gbà kí wọ́n máa fi amúaradàgbà rẹ̀ ṣe oúnjẹ ẹja ọ̀sìn láti oṣù keje ọdún 2017, òun àti oríṣi kòkòrò mẹ́fà mìíràn, ṣùgbọ́n wọn ò gbà kí wọ́n fi ìgbẹ́ ẹran tàbí àjẹkù ilé oúnjẹ sin àwọn kòkòrò náà. Ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ o. Fún Oscar rẹ, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Ọmọlómi

Ẹ gbà mí o. Mo fọgbọ́n orí ṣe. Ọmọ guppy pọ̀ nínú táǹkì ńlá, bí ogún. Mo ní kí n wá tanwíjí kún ti garawa, mo lọ fi àwọ̀n wọ́ etí omi ìkudù kan tí koríko yí ká. Mo ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì bí Bàbá ṣe wí, mo dà á sínú táǹkì lálẹ́. Láàárọ̀ yìí, mo ka ọmọ guppy, mọ́kànlá. Ohun kan wà lára ewé níbẹ̀, ó rí wúruwùru, ẹsẹ̀ mẹ́fà, awọ rẹ̀ bí ewé kíkú. Kò mira. Mo ń wò ó ni ohun kan nà jáde lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó gba ọmọ guppy kan, ó fà á wọlé. Mo pariwo!

ÌyáBetta

Yéè. Mọ́kànlá di mẹ́wàá nìyẹn.

Bàbá Lámilámi

Ọmọ lámilámi nìyẹn. Orúkọ mi kò ṣàdédé wá. Ohun tí o rí yẹn, ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni, ó ká a sábẹ́ orí, ó ní ìkọ́ méjì lẹ́nu rẹ̀, ó sì lè jù ú jáde kí ojú rẹ tó ṣẹ́. Tanwíjí náà ló ń jẹ nínú ìkudù. Yọ ọ́ kíákíá. Má fi ọwọ́ lé e kiri, ìdí ló fi ń mí, ó ń fa omi sí i, bó bá sì fẹ́ sá, á tú omi yẹn jáde, á ta sókè bí ọfà. Àwọ̀n ni kí o fi bò ó mọ́lẹ̀.

Tún wo àwọn igun táǹkì náà dáadáa. Bí o bá rí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ohun mẹ́ta bí ewé nídìí, ìbátan lámilámi ni, ó ń jẹ ọmọ ẹja bákan náà. Bí o bá rí èyí tí ara rẹ̀ mọ́ gaara bí gíláàsì, tó dá dúró gbọọrọ láàárín omi, tó ní àmì dúdú méjì níwájú àti méjì lẹ́yìn bí àpò afẹ́fẹ́, òun náà ń ṣọdẹ, ṣùgbọ́n ọmọ ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa nìkan ló lè ṣe. Ẹja ńlá fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

Bó o bá bu nǹkan nínú ìkudù lẹ́yìn èyí, dà á sínú abọ́ funfun kí o tó dà á síbòmíràn. Gbogbo ohun tó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà tó hàn gbangba, yọ ọ́. Tanwíjí kò ní ẹsẹ̀ kankan.

Adágún

Abọ́ funfun. Ẹ bá mi kọ ọ́ sára ògiri.

Ọmọlómi

Ẹ káàárọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì rèé. Mo ti yọ ọmọ lámilámi náà, ọ̀kan ṣoṣo ni. Ọmọ guppy mẹ́wàá ṣẹ́kù, wọ́n ń jẹ tanwíjí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, àwọn tó rí bí òwú. Ìdì ẹyin dúdú yẹn ni mo ń lò, nínú ìgò. Mo gbàgbé ọjọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo jí bá ẹ̀fọn bí ogójì lábẹ́ ìdérí, ọpẹ́lọpẹ́ ajere. Ọkọ mi kò tíì mọ̀.

Betta: lọ́jọ́ Ẹtì mi ò fún un ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mo ju hóró sí i, ó gbà á, ó tu ú dànù, ó yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó wò mí, ó tún gbé e. Ó gbé e mì! Láti ọjọ́ náà, hóró lónìí, tanwíjí lọ́tùn-únla.

Ìbéèrè kan ló kù. Ọmọ lámilámi yẹn ṣì wà nínú ìgò lórí tábìlì. Mi ò lè pa á, àwọn ọmọ ti fún un lórúkọ. Tanwíjí mẹ́wàá ló ń jẹ lóòjọ́. Kí ni kí n ṣe sí i?

Bàbá Lámilámi

Ki igi kan bọ inú ìgò náà, kó yọ lójú omi ní ìwọ̀n ìka kan gígùn, má sì fi ìdérí bò ó. Kò ní gbé inú omi bọ́ awọ ìkẹyìn. Lálẹ́ tàbí ní ìdájí ló sábà máa ń gun igi yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ á là, á sì jáde. Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè jẹ́ oṣù púpọ̀. Bó bá ti dẹ́kun jíjẹ tanwíjí, sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n máa tètè jí.